Wáyà Iná àti Fáíbà ní Àbújá: Ìbéèrè Tí Àwọn Onílé àti Ayálégbé Máa Ń Bi Wá, àti Ìdáhùn Wọn

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fa wáyà iná sínú ilé ní Àbújá, ó sì ti tó ọdún mẹ́jọ tí fáíbà ti kún iṣẹ́ náà. Láti Kubwa dé Lugbe, láti Gwarinpa dé Nyanya, àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé ìlú yìí máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn tàbí ní ìpàdé ẹgbẹ́ onílé láti béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ mi. Mo kó àwọn ìbéèrè wọn jọ síbí. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nídìí gbogbo ìdáhùn náà: ewu wáyà, ìbáà jẹ́ ti iná tàbí ti fáíbà, kì í hàn sí ojú, nítorí náà ẹ má ṣe fi ojú lásán dá wáyà kankan lẹ́jọ́.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wáyà iná àti fáíbà, nígbà tí méjèèjì jọ ń gba orí òpó àti inú ilẹ̀?

Wáyà iná jẹ́ bàbà tàbí alumíníọ̀mù tí a fi rọ́bà bò, iná mànàmáná ló sì ń gba inú rẹ̀. Nínú ilé wa, agbára iná náà jẹ́ 230 fólítì. Láàárín wáyà mẹ́ta tó ń bọ̀ láti ara tíránsífọ́mà, ó jẹ́ 400 sí 415. Lórí òpó gíga tó ń gbé iná wá bá tíránsífọ́mà fúnra rẹ̀, ó jẹ́ 11,000 tàbí 33,000. Fáíbà ní tirẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀. Ẹyọ gíláàsì kan, pẹ̀lú èyí tó bò ó, fẹ̀ ní máíkírómítà 125, ìyẹn ni pé bí ẹ bá to mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mílímítà kan péré ni wọn yóò gbà. Ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà láàárín rẹ̀ kò ju nǹkan bíi máíkírómítà 9 lọ nínú irú èyí tí wọ́n ń fà wọ ilé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n gbọ́ pé fáíbà kì í gbé iná, wọ́n sì rò pé kò séwu láti fọwọ́ mú èyí tó bá já sílẹ̀. Gíláàsì kì í gbé iná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú kébù fáíbà tí wọ́n ń fi kọ́ òpó ló ní okùn irin lára kí ó má baà já, àwọn mìíràn sì ní awọ irin tí eyín eku kò lè gé. Bí irú kébù bẹ́ẹ̀ bá já, tó sì lọ fara kan wáyà iná lórí òpó, òun náà ti di wáyà iná nìyẹn.

Wọ́n ní wáyà dúdú kì í gbé iná, pupa ló ń gbé e. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ àtijọ́ ni, ó sì ti pa ènìyàn. Nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sí Garki àti Wuse ní àkókò tí ìjọba ń kó bọ̀ láti Èkó ní ọdún 1991, àti nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, pupa ni láìfù, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wọlé, dúdú ni nútírà tí iná ń gbà padà, àwọ̀ ewé sì ni ẹ́ẹ̀tì tó lọ sínú ilẹ̀. Níbi tí iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọlé, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ìlànà tuntun ti yí èyí padà: búráùn ni láìfù, búlúù ni nútírà, àwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò sì ni ẹ́ẹ̀tì, níbi iná mẹ́ta, búráùn, dúdú àti àwọ̀ eérú ni wọ́n ń lò.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn mú wá. Wáyà dúdú tó jẹ́ nútírà nínú ilé àtijọ́ lè jẹ́ wáyà tó gbé iná gan-an nínú ilé tuntun, búlúù tó jẹ́ nútírà nínú ilé tuntun sì lè jẹ́ láìfù nínú ilé àtijọ́. Bí ẹnì kan bá wá ra wáyà tuntun láti fi kún ilé àtijọ́, ìlànà méjèèjì á pàdé nínú àpótí kan ṣoṣo, kò sì sí àmì kankan níta tí yóò kìlọ̀ fún ẹni tó bá ṣí i.

Èmi fúnra mi ti bọ́ sínú rẹ̀. Mo lọ tún iná ilé kan ṣe ní Gwarinpa, ilé tí wọ́n ti fi yàrá méjì kún. Mo pa bíréékà tí mo rò pé òun ló ń ṣàkóso ibẹ̀, mo rí wáyà dúdú, mo ní nútírà ni, mo sì fi pílíásì gé e. Ariwo tó dún dà bí ìgbà tí ẹnì kan yìnbọn sí mi létí. Rọ́bà tó wà lọ́wọ́ pílíásì náà ló gbà mí. Ẹnu irin rẹ̀ yọ́ ní ibi kan, ó jin sínú bí ibi tí eku ti jẹ àgbàdo, ó sì wà nínú àpótí iṣẹ́ mi títí di òní. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó bá wọlé sọ́dọ̀ mi ni mo máa ń fún mú lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, àwọ̀ máa ń júwe ni, kì í jẹ́rìí. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ pa iná ní mẹ́ìnì, kí ẹ ti àpótí rẹ̀ pa tàbí kí ẹ fi ènìyàn ṣọ́ ọ, kí ẹ fi tẹ́sítà kan ibi tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà láti rí i pé tẹ́sítà náà ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi kan wáyà tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, kí ẹ sì tún padà fi kan ibi àkọ́kọ́. Ìgbẹ̀yìn yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ tẹ́sítà lè kú láàárín ìṣẹ́jú kan sí èkejì.

Wáyà wo ni kí n rà, báwo ni mo sì ṣe lè mọ ayédèrú?

Fún iná orí àjà, 1.5 mílì tó. Fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 2.5 mílì. Fún ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, 4 mílì ni èmi máa ń fà. Sítóòfù iná ńlá ń fẹ́ 6 mílì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé bá tóbi tí wáyà sì ní láti rìn jìnnà, ẹ fi ìwọ̀n kan kún un, nítorí pé bí wáyà bá ṣe ń gùn ni agbára iná á máa dínkù lójú ọ̀nà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ̀rọ omi gbígbóná tí wọ́n kọ 3,000 wáàtì sí lára, tí ẹ bá fi 230 pín in, ń fa nǹkan bí 13 áńpù. Kẹ́tùlù 2,000 wáàtì ń fa bíi 9. Ẹ ro gbogbo ohun tí yóò máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lórí wáyà kan pọ̀, kí ẹ tó yan wáyà, kí ẹ sì tó yan bíréékà. Iṣẹ́ bíréékà ni láti dáàbò bo wáyà. Kò gbọdọ̀ lágbára ju wáyà tó ń ṣọ́ lọ. Nígbà tí bíréékà bá ń já lemọ́lemọ́, tí ẹni tó wá tún un ṣe bá yọ ọ́ tó fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò, kò tún nǹkan kan ṣe. Ó gba ohùn lẹ́nu ajá tó ń gbó olè ni. Láti ọjọ́ náà lọ, wáyà inú ògiri ni yóò máa gbóná dípò kí bíréékà já, ẹ kò sì ní mọ̀ títí òórùn rọ́bà tó ń jóná yóò fi jáde.

Ní ti ayédèrú, ẹ lọ sí ọjà Dei-Dei tàbí ibikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ rà á pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré lápò. Ẹ bó orí wáyà náà, kí ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ họ ara bàbà rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun bí fàdákà, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni, kò sì lè gbé iná tó bàbà gidi tó ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ gbé kóìlì méjì tí wọ́n ní ìwọ̀n kan náà lọ́wọ́: ayédèrú máa ń fúyẹ́. Ẹ wo ara rọ́bà rẹ̀ bóyá orúkọ ẹni tó ṣe é àti ìwọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀ ketekete, kí ẹ sì wá àmì MANCAP tí SON, àjọ ìjọba tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò, ń fún àwọn ohun tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí. Owó tí ẹ bá ṣẹ́kù nídìí wáyà kéré sí owó tí ẹ ó fi fọ́ ògiri padà.

Kí ló dé tí ẹ fi ń tẹnu mọ́ ẹ́ẹ̀tì tó bẹ́ẹ̀? Ilé wa kò ní in, iná sì ń tàn.

Iná yóò máa tàn lóòótọ́. Ẹ́ẹ̀tì kò ní iṣẹ́ kankan nígbà tí ohun gbogbo bá ń lọ dáadáa. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ọjọ́ rẹ̀. Bí wáyà inú fíríìjì bá bó, tó sì fara kan irin rẹ̀, iná ti dé ara ìlẹ̀kùn tí ọmọ yín ń ṣí. Bí ẹ́ẹ̀tì bá wà, iná náà á gba ibẹ̀ lọ sílẹ̀ kíákíá, bíréékà á sì já. Bí kò bá sí, ara ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni yóò gbà lọ sílẹ̀. Ara tó tutù fún omi lè má dí iná ju nǹkan bí 1,000 ohm lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé 230 fólítì lè ti 230 mílíáńpù gba inú rẹ̀ kọjá. Iná tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn pàápàá lè dà á rú bí ọkàn ṣe ń lù.

Àbújá ní ìṣòro tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí ẹni tó bá kó wá láti Èkó tàbí Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ibí le, àpáta sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Mpape àti Katampe, ẹ lè ri ọ̀pá bàbà ẹ́ẹ̀tì kan wọlẹ̀ díẹ̀ kó ta kọ̀ pé òun ò lọ mọ́. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gba omi inú ilẹ̀ tán, ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná wọlé dáadáa. Ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wọ̀n ní oṣù Kẹjọ tó dára lè di ohun tí kò wúlò ní oṣù Kejì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí kò bá tó, ẹ fi ọ̀pá mìíràn kún un, kí àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá méjì má kéré sí gígùn ọ̀pá kan, kí ẹ sì so wọ́n pọ̀. Àwọn kan máa ń da iyọ̀ àti èédú sí i. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ máa ń jẹ ọ̀pá náà, òjò sì máa ń fọ iyọ̀ lọ. Ilẹ̀ alámọ̀ tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńtónáítì sàn jù, nítorí pé ó máa ń di omi mú.

Yàtọ̀ sí ẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí wọ́n fi RCD onímílíáńpù 30 sí i, pàápàá fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ìta. Ó ń ka iná tó lọ àti iná tó padà bọ̀. Bí ìyàtọ̀ bá ti wà láàárín wọn, ó mọ̀ pé apá kan ti gba ibòmíràn lọ, yóò sì pa á kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ṣé mo lè fi wáyà olórí méjì ti iná jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé bí NEPA bá ti mú iná lọ?

Rárá o. Ẹ jọ̀wọ́, rárá. Lákọ̀ọ́kọ́, irin orí wáyà náà tó yọ síta gbé iná ní gbangba. Èyí tó burú jù lọ ni pé bí ẹ bá gbàgbé láti pa mẹ́ìnì, iná jẹnẹrétọ̀ yín yóò jáde gba mítà, yóò dé ara tíránsífọ́mà àdúgbò, tíránsífọ́mà náà yóò sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìdàkejì: yóò sọ 230 fólítì tí ẹ fi ránṣẹ́ di 11,000 lórí òpó. Ẹni tó wà lórí òpó lákòókò náà, tí wọ́n ti sọ fún pé iná ti kú, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń retí rẹ̀ nílé, ni yóò gbà á.

Ohun tó tọ́ ni ṣéńjófà, èyí tí a ṣe kí ọ̀nà iná méjì má baà lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà láéláé, ìbáà jẹ́ pé ẹ gbàgbé tàbí ọmọdé ló fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ń lo ìńfátà pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná rí i dájú pé òun náà kì í fún wáyà ìta níná nígbà tí iná bá lọ.

Ẹ̀kíténṣọ̀n ńkọ́?

Fún fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti ráútà nìkan. Ẹ má ṣe fi áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù sí i, ẹ má sì ṣe fi ẹ̀kíténṣọ̀n kan bọ inú òmíràn.

Ṣé fáíbà àti wáyà iná lè jọ gba inú páìpù kan náà nínú ògiri?

Wọn kò gbọdọ̀ jọ gbà á. Kì í ṣe pé iná yóò ba ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà jẹ́, nítorí pé iná kì í dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá wá tún fáíbà ṣe lè má jẹ́ oníṣẹ́ iná, yóò sì ti ọwọ́ bọ inú páìpù tí láìfù wà. Àti pé nígbà tí ẹ bá ń fa wáyà iná tuntun gba inú rẹ̀, bàbà yóò fọ́ gíláàsì. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra díẹ̀, bí wọ́n bá sì ní láti kọjá lára ara wọn, kí wọ́n kọjá ní gígùn àti ìbú bí àgbélébùú. Lórí òpó náà, òkè ni iná wà, fáíbà wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń fa fáíbà kò ní iṣẹ́ kankan láti gun òkè dé ibi iná.

A fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ́sítéètì wa láti ri páìpù omi. Kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún yín, àwọn ilé-iṣẹ́ tó fa fáíbà wọ ẹ́sítéètì náà, àti FCDA, àjọ tó ń kọ́ ìlú Àbújá, bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì ni, gbogbo wọn ni kí ẹ kọ̀wé sí kí dígà tó kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn yí ilẹ̀ náà ká, kí ẹ wo ibi tí mánhóòlù wà, ibi tí páìpù ti gba ara òpó wọ ilẹ̀, àti ibi tí ilẹ̀ ti rì díẹ̀ ní ìlà gígùn. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ rí máa ń rántí.

Mo wà níbi kan ní Lugbe, ní ọ̀sán kan nínú oṣù Kẹrin, níbi tí lébìrà méjì ti ń gbẹ́ ilẹ̀ fún oníṣẹ́ omi. Wọ́n kan tẹ́ẹ̀pù pupa tí wọ́n fi ń kìlọ̀. Ọ̀kan nínú wọn fà á yọ bí ẹni ń fa koríko, ó wé e mọ́ ọwọ́ dígà rẹ̀ kí ọwọ́ má baà yọ̀, ó sì tẹ̀ síwájú. Mo kígbe láti ìdajì títì. Kébù iná tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò jìn ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí ẹnu dígà nígbà tó dúró. Kò sí ẹni tó sọ ohun tí tẹ́ẹ̀pù yẹn túmọ̀ sí fún un rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ níhìn-ín: tẹ́ẹ̀pù pupa tàbí yẹ́lò nínú ilẹ̀ túmọ̀ sí kí ẹ dúró, kí ẹ gbé dígà sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọkọ́ kékeré àti ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ ṣí iyẹ̀pẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń ri kébù iná sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí mọ́tò ń gbà kọjá. Ẹ fi yanrìn tí kò ní òkúta sí abẹ́ rẹ̀ àti òkè rẹ̀, nítorí pé òkúta Àbújá máa ń gún rọ́bà díẹ̀díẹ̀ títí omi yóò fi ríbi wọlé. Ẹ wá tẹ́ tẹ́ẹ̀pù ìkìlọ̀ sí òkè yanrìn náà kí ẹ tó dá ilẹ̀ padà.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fa iná sílé mi?

Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ NEMSA. Àjọ ìjọba àpapọ̀ yìí ló ń yẹ iṣẹ́ iná wò, tó sì ń fọwọ́ sí i kí wọ́n tó so ilé mọ́ òpó. Ẹ béèrè ìwé náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ má sì ṣe tijú.

Iná pupa kan ń ṣẹ́jú lára àpótí fáíbà mi, wọ́n kọ LOS síbẹ̀. Ṣé mo lè tún un ṣe fúnra mi?

LOS túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ wo okùn tínrín tó ti ara ògiri wọ àpótí náà. Bí ẹ bá ti ká a ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí ẹsẹ̀ àga wà lórí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò jò síta níbi tó ti tẹ̀. Ẹ tú u, kí ìyípo rẹ̀ má kéré ju ẹnu ife tíì lọ. Ẹ má ṣe fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri.

Bí ẹ bá ní láti yọ orí rẹ̀, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Orí tó ní àwọ̀ ewé dagun díẹ̀ lẹ́nu, èyí tó jẹ́ búlúù tẹ́jú, wọn kò sì bá ara wọn mu. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ti èkejì yóò ba ẹnu méjèèjì jẹ́. Ẹ má ṣe fi ìka kan ẹnu rẹ̀, ẹ má sì ṣe fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Nígbà ọyẹ́, eruku tí ẹ kò rí rárá lè dí ojú ọ̀nà tó fẹ̀ ní máíkírómítà 9. Aṣọ tí kì í bó àti ọtí áyísópírópáílì ni a fi ń nù ún.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sójú wò bóyá iná ń bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ wá jẹ́ nánómítà 1,490, bẹ́ẹ̀ ojú ènìyàn kì í ríran kọjá nǹkan bíi 700. Ẹ kò ní rí nǹkan kan, ojú yín kò sì ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun pa dé. Ti inú ilé kò lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ti ojú títì lágbára ju ìyẹn lọ, ẹ kò sì lè fi ojú mọ èwo lẹ mú lọ́wọ́.

Kí ló burú nínú kí n fi ọ̀bẹ gé fáíbà tó ṣẹ́kù, kí n sì gbá a dànù?

Ẹ̀rún gíláàsì ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fáíbà, ọ̀kan wọ àtàǹpàkò mi lọ́wọ́ òsì. N kò rí i, ìtànṣán òòrùn kò fi í hàn, ẹ̀jẹ̀ kò yọ. Bí mo bá ti fọwọ́ kan nǹkan ni ó máa ń ta mí bí ẹ̀gún ọsàn, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kí nọ́ọ̀sì kan tó fi awò yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ojú ló bọ́ sí, tàbí tí ọmọ tó ń rákò gbé e sẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà ì bá yàtọ̀. Nítorí ìyẹn, ẹni tó ń gé fáíbà gbọ́dọ̀ wọ ìgò ojú, kò gbọdọ̀ jẹun níbẹ̀, orí aṣọ dúdú ni kó ti máa ṣiṣẹ́ kí ẹ̀rún lè hàn, tẹ́ẹ̀pù tó ń lẹ̀ ni kó fi gbé ẹ̀rún náà, kó sì kó wọn sínú ike tó ní ìdérí tí yóò dí pa kó tó dà á nù. Bí ẹ bá pe ẹnì kan wá sílé tó sì ń sọ ẹ̀rún sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ dá a dúró.

Àwọn kan gé fáíbà ní àdúgbò wa. Ṣé a lè so ó pọ̀?

Ẹ kò lè fi ọwọ́ so gíláàsì. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń to ojú méjèèjì kọ ara wọn, tó sì ń fi iná jó wọn pọ̀. Ẹ fi òkúta tàbí igi yí ibẹ̀ ká, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ náà. Bí àwọn kan bá mọ̀ọ́mọ̀ gé e, àṣẹ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọdún 2024 ti sọ irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ di ohun pàtàkì orílẹ̀-èdè, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti bà á jẹ́. Àwa tí a wà ní Àbújá ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn kébù abẹ́ òkun, Èkó ni wọ́n ti ń gúnlẹ̀, a sì ní láti gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba inú ilẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, tí kébù abẹ́ òkun mélòó kan bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, gbogbo wa ni a rí bí báńkì ṣe dúró. Dígà kan lójú ọ̀nà Lokoja lè ṣe àdúgbò kan bẹ́ẹ̀.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa wáyà sólà?

Iná sólà àti ti bátìrì kì í ṣe irú ti NEPA. Iná NEPA máa ń dé òdo nígbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí bíréékà lè pa á ní kíá. Iná sólà kì í dé òdo. Bí ó bá ti ń ta páráparà, yóò máa ta lọ. Nítorí náà, bíréékà tí wọ́n kọ DC sí lára nìkan ni kí ẹ lò. Ìńfátà 5 kVA tó ń lo bátìrì 48 fólítì lè fa ju 100 áńpù lọ láti ara bátìrì, ẹ wá wo bí wáyà rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Páńẹ́ẹ̀lì kò sì ní ibi tí ẹ lè pa á sí níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá wà: ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú wáyà rẹ̀.

Ilẹ̀ tí mo fẹ́ rà wà lábẹ́ wáyà gíga. Wọ́n ní kò séwu.

Ẹ má ṣe rà á. Lábẹ́ wáyà 330,000 fólítì, mítà 50 ni fífẹ̀ ilẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ kọ́lé sí, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ 132,000, ó jẹ́ mítà 30. Wáyà bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹ fọwọ́ kàn án kó tó pa yín. Bí irin gígùn tàbí àkàbà alumíníọ̀mù bá ti súnmọ́ ọn jù, iná rẹ̀ á fò mọ́ ọn.

Wáyà iná já sí ojú ọ̀nà, tàbí iná gbé ènìyàn. Kí ni kí n ṣe?

Bí wáyà bá já sílẹ̀, ẹ gbà pé iná wà lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò. Ẹ dúró jìnnà tó mítà 10, kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Bí ẹ bá ti bá ara yín nítòsí rẹ̀, ẹ má ṣe sáré: ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ máa wọ́ wọn kúrò díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ pàápàá gbé iná, ẹsẹ̀ kan sí èkejì ló sì ń gbà. Ẹ pe 112 àti ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná.

Bí iná ilé bá gbé ènìyàn, ọwọ́ yín á fẹ́ fà á. Ẹ má ṣe fà á. Ẹ sáré pa mẹ́ìnì. Bí ẹ kò bá mọ ibi tó wà, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ tàbí àga ike ti wáyà náà kúrò lára rẹ̀. Bí kò bá mí, ẹ pe 112, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, nígbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ má sì dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn kódà bí ó bá dìde tó ní ara òun ti yá, nítorí pé ọkàn lè dàrú lẹ́yìn náà. Bí wáyà bá ń jó, ẹ má ṣe da omi sí i nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Ohun èlò ìpaná onílẹ́búlẹ́bú tàbí ti CO2 ni kí ẹ lò.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí a máa yẹ gbogbo rẹ̀ wò?

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ pẹ̀lú àrá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ṣí àpótí bíréékà, kó wo ibi tí ooru ti yí àwọ̀ rọ́bà padà, kó di gbogbo ìdè tó ti tú, kó tẹ bọ́tìnì RCD wò bóyá ó ń já, kó sì wọ̀n ẹ́ẹ̀tì. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ inú ìlẹ̀kùn àpótí náà: kí ẹ kọ yàrá tí bíréékà kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́, àwọ̀ wo ni láìfù nínú ilé yín, ibi tí kébù inú ilẹ̀ gbà, jíjìn rẹ̀ láti ara ògiri, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹ fi bírò kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù, ẹ sì fi ọ̀rá bò ó kí eruku ọyẹ́ má baà pa á rẹ́.